Bàálù Fẹ́ Balẹ̀: Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Inú Kábíìnì Máa Ṣe, Ohun Tó Máa Sọ, àti Ẹni Tó Máa Sọ Ọ́ Fún

Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìlọrin lẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù níbí máa ń lọ, tàbí kó gba Ọ̀yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ti Ìbàdàn tí wọ́n fi orúkọ ọmọ ìlú wa, Ládòkè Akíntọ́lá, pè. Ṣùgbọ́n bí o bá fa ìlà tààrà láti Èkó dé Ìlọrin lórí máàpù, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìlà náà gbà kọjá. Nítorí náà, bí bàálù tó ń ti Èkó lọ sí Ìlọrin bá gba òkè Under G tàbí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kọjá, ìgbádùn ti tán nínú rẹ̀. Ohun tó kù fún un kò tó kìlómítà 50, ó sì ti ń sọ̀kalẹ̀. Ẹnìkan ń ti tírọ́lì wọlé, ẹnìkan ń bẹ màmá kan pé kó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ẹnìkan sì ń retí ohùn kápítéènì.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè iṣẹ́ kábíìnì yìí, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù, lọ́wọ́ mi pọ̀, pàápàá àwọn tó ń parí ní yunifásítì LAUTECH. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó àti irú àtíkè tí wọ́n ń kùn. Ìyẹn kò le. Ohun tó le ni ìṣẹ́jú bíi ogún tó kẹ́yìn kí táyà tó kan ilẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kọ́ ọ níbí. Ilé iṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ìlànà tirẹ̀, àjọ NCAA tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà ló sì ń fọwọ́ sí i. Bí ohun tí mo kọ bá yàtọ̀ sí ti ìwé ilé iṣẹ́ rẹ, ti ìwé ni kí o tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó gbéra

Orí ilẹ̀ ni ìmúrasílẹ̀ fún ìbalẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ìpàdé ráńpẹ́ tí ẹ̀yin àti kápítéènì máa ń ṣe kí èrò tó wọlé. Má ṣe jókòó síbẹ̀ bí àlejò. Béèrè àmì tí wọ́n máa fi sọ fún yín pé ó kù díẹ̀ kí ẹ balẹ̀: ṣé aago ni, ẹ̀ẹ̀mélòó ló máa dún, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu ni? Aago tó dún lẹ́ẹ̀mejì níbì kan lè túmọ̀ sí nǹkan mìíràn ní ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó bá sì ti ibòmíràn wá lè máa fi ti àná ṣe ti òní.

Béèrè nípa ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku lè bo òfuurufú Ìlọrin àti ti òkè ọya débi tí awakọ̀ kò ní rí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Wọ́n lè máa yí po lókè, wọ́n lè gbé bàálù lọ sí ìlú mìíràn. Bí o bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, o kò ní ya ẹnu sílẹ̀ nígbà tí alhájì kan bá bi ọ́ ìdí tí ẹ fi ń yí ká.

Dán fóònù inú bàálù wò. Gbé e, pe ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ó dá ọ lóhùn. Kí ẹ sì pín àsìkò yín dáadáa: Èkó sí Ìlọrin kò tó wákàtí kan lójú òfuurufú. Bí ẹ bá fi ohun mímu ṣeré jù, àsìkò ìmúrasílẹ̀ ni ẹ ń jẹ.

Nígbà tí bàálù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀

Kápítéènì á sọ fún ọ̀gá kábíìnì iye ìṣẹ́jú tó kù, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí nísàlẹ̀, àti bóyá kí ẹ tètè jókòó. Ọ̀gá kábíìnì á tún un sọ padà fún kápítéènì kí ó lè mọ̀ pé ó wọlé, lẹ́yìn náà á wá sọ fún ẹ̀yin yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ rò pé ẹ ti gbọ́.

Ẹ kó ife, ẹ kó ike, ẹ kó gbogbo ìdọ̀tí. Ní kíṣìnnì, da omi gbígbóná nù, ti ìlẹ̀kùn ààrò, fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ há gbogbo dúrọ́ọ̀, kí o sì tẹ birẹ́ẹ̀kì tírọ́lì. Tírọ́lì tó kún lè wúwo tó àgbàlagbà èèyàn. Bí ó bá já nígbà tí awakọ̀ tẹ birẹ́ẹ̀kì lórí ilẹ̀, kò ní dúró títí yóò fi rí ohun tó máa kọlù. Lẹ́yìn tí o bá ti ti nǹkan, fi ọwọ́ fà á. Ojú nìkan kò tó.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10,000

Bí bàálù bá ti wá sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ọ̀rọ̀ kòṣeémàní nìkan ló kù tí a lè bá àwọn awakọ̀ sọ, àwọn náà kò sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ ju èyí tó kan iṣẹ́ lọ. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní ọdún 1981. Lára ohun tó fà á ni bàálù Eastern Air Lines kan tó já nítòsí Charlotte ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 nígbà tó fẹ́ balẹ̀. Ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ fi hàn pé òṣèlú àti ọkọ̀ àlòkù wà lára ohun tí àwọn awakọ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru. Ó lé ní èèyàn 70 tó kú.

Nítorí náà, èrò tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun á bá bàálù mìíràn ní Àbújá, ìwọ ni kí o dá a lóhùn. Páìlọ́ọ̀tì tó ní kí o bá òun fi omi sílẹ̀ kó tó di àsìkò yìí ti pàdánù omi rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó ti ń di ìṣòro ni pé àwọn ọmọ tuntun máa ń gbọ́ òfin yìí, wọ́n á sì sọ ọ́ di "má pe kápítéènì rárá." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí èéfín, bí o bá gbóòórùn iná tàbí epo, bí o bá gbọ́ ariwo tí o kò gbọ́ rí, bí afẹ́fẹ́ bá ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, bí ẹnìkan bá dá kú, bí èrò bá ń jà, pè é. Bí kò bá dá ọ lójú bóyá ó tó pè, pè é. Òun ló máa pinnu pé kò tó nǹkan.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1989, bàálù British Midland kan gbéra ní London, ó ń lọ sí Belfast. Abẹ́ kan ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì apá òsì. Bàálù ń gbọ̀n, èéfín wọ inú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ṣì í mú, wọ́n pa ẹ́ńjìnì apá ọ̀tún tí kò ṣe nǹkan kan. Kápítéènì bá èrò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ní ẹ́ńjìnì ọ̀tún ló níṣòro, àwọn sì ti pa á. Lẹ́yìn nínú kábíìnì, àwọn èrò kan àti mẹ́ta lára àwọn òṣìṣẹ́ kábíìnì ti rí iná tó ń jáde ní apá òsì. Wọ́n gbọ́ "ọ̀tún." Kò sí ẹni tó gbé fóònù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ balẹ̀ ní East Midlands, ẹ́ńjìnì òsì kú pátápátá, bàálù sì já sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ nítòsí Kegworth, pápá kò ju ibi tí ojú lè tó lọ. Nínú èèyàn 126, 47 ló kú.

Ní tiwa, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i. Wọ́n ti tọ́ wa pé bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já a. Kápítéènì rẹ lè tó bàbá rẹ, ó lè jẹ́ ará Ìjẹ̀rù bíi tìrẹ tí o mọ ilé wọn. Kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní ìpàdé. Kúnlẹ̀ bí o bá fẹ́, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n nínú bàálù, ìwọ ló ń rí ẹ̀yìn, òun ló ń rí iwájú, ìwọ̀n ohun tí o bá sọ fún un ló sì mọ̀ nípa ẹ̀yìn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí ó bá ní ọ̀tún, tí ojú rẹ sì rí òsì, sọ òsì. Bí ó bá kọ́kọ́ ní "mo ti gbọ́," tí o sì rí i pé kò gbọ́ ọ yé, tún un sọ.

Bí o ṣe máa sọ ọ́ nìyí, ní ìtẹ̀léra: ta ni ìwọ, ibo lo wà, kí lo rí, kí lo ti ṣe, kí lo ń fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa sọ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n báyìí ló ṣe rí:

"Kápítéènì, Bọ́lá ni, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn apá òsì. Èéfín funfun ń jáde lábẹ́ ìjókòó kejìlélógún apá ọ̀tún. Mi ò tíì rí iná. Mo ti kó àwọn èrò kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ ìpaná wà lọ́wọ́ mi, Kúnlé ń dúró tì mí. Mo fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú tó kù."

Kò sí "ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé, bóyá kì í ṣe nǹkan kan." Bí o bá kó àforíjì ṣáájú, orí ọ̀rọ̀ ni awakọ̀ máa fi etí gbà, ìdí rẹ̀ á sì bọ́. Kí o sọ apá ọ̀tún tàbí apá òsì ti bàálù, láti ipò ẹni tó kọjú sí iwájú. Má sọ ọ̀tún tìrẹ, torí ó ṣeé ṣe kí ìwọ kọjú sí ẹ̀yìn.

Ìrìn ìlà dé ìlà

Kápítéènì á tan iná bẹ́líìtì, wọ́n á ka ìkéde. Má gbẹ́kẹ̀ lé ìkéde. Ẹni tó ń sùn kò gbọ́, ẹni tó fi nǹkan sétí kò gbọ́, bàbá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ariwo lásán. Ẹsẹ̀ rẹ ni ìkéde gan-an.

Bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan, máa wo ọ̀tún, máa wo òsì, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ jókòó sórí egungun ìbàdí, kó fún, kó má gun ikùn. Aboyún máa fi tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹni tó ró ìró méjì, tó tún fi àpò owó sábẹ́ rẹ̀, lè rò pé bẹ́líìtì òun fún nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ló fún mọ́. Sọ fún un kó tún fà á.

Bí èèyàn ṣe ń bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀ ni ọmọ wa máa fi borí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí níbòmíràn. Mo rántí màmá kan tó ti fi ọ̀já pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nínú ìjókòó, tó wá fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó kó má baà tẹ ọmọ náà. Ọmọ ń ké, gbogbo èèyàn ń wò. Ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ níṣẹ́ nígbà náà tẹ̀ ba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ojú àwọn méjèèjì fi bá ara wọn mu.

"Ẹ kú ìrìn, màmá. Ẹ kú ọmọ."

"Oo, ọmọ mi. Kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà tó ti ń sọ̀ yìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Etí ló ń dùn ún. Tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀, etí máa ń dí wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ wá síwájú, ẹ fún un ní omi tàbí mílíìkì mu, bó ṣe ń gbé e mì, etí á là. Tí awakọ̀ bá tẹ birẹ́ẹ̀kì, ẹ̀yin náà lè fi ẹ̀yìn fún un mọ́ àga, ẹ ò sì ní mọ̀."

Màmá náà tú ọ̀já fúnra rẹ̀. Ṣé o rí i pé kò ní "òfin kò gbà"? Ìdí ló sọ fún un, ó sì fi oògùn etí ṣíwájú. Lẹ́yìn èyí, bí ilé iṣẹ́ yín bá ní bẹ́líìtì kékeré ti ọmọ ọwọ́, so ó mọ́ ti ìyá. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ìyá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo di òun àti ọmọ pọ̀: bí bàálù bá fì síwájú, gbogbo ìwúwo ìyá ló máa tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì náà.

Ẹ̀yìn àga gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, tábìlì kékeré gbọ́dọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn ni. Bí ó bá di kí ó sá, àga tó dà sẹ́yìn á dí i mọ́, bí ó bá sì di kí ó tẹ̀ síwájú, kò ní rí àyè gbé orí sí. Aṣọ fèrèsé máa wà ní ṣíṣí: bí iná bá ń jó níta, ẹ ní láti rí i kí ẹ tó mọ ìlẹ̀kùn tí ẹ máa ṣí, kí ojú èèyàn sì ti mọ́ra pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ìta. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń dín iná kábíìnì kù lóru. Àwọn èrò kan rò pé kí wọ́n lè sùn ni.

Ẹrù. Ní àsìkò máńgòrò, o kò lè bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ jà lórí àpò. Àpò tó bá wà ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ìjókòó iwájú pátápátá, kó sì di lẹ́nu, torí máńgòrò bíi mélòó kan tó yí jáde sáàárín ọ̀nà tó láti gbé èèyàn ṣubú nínú òkùnkùn. Níbi ìlà ìlẹ̀kùn pàjáwìrì, kò sí àpò nílẹ̀ rárá, ì báà ṣe pọ́ọ̀sì obìnrin. Àpótí ẹrù òkè, tì í, kí o sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sókè.

Fóònù tó bọ́ sáàárín àga: sọ fún ẹni náà pé kó má fi ọwọ́ kan bọ́tìnì àga. Bí irin àga bá fọ́ bátìrì fóònù náà, iná lè sọ níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi balẹ̀.

Ilé ìyàgbẹ́ ni ìgbẹ̀yìn. Kan ìlẹ̀kùn, ṣí i, wo inú, tì í pa. Lórí bàálù àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà, má ṣe yà ọ́ lẹ́nu bí o bá bá bàbá kan tó ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ẹ balẹ̀. Sọ fún un lẹ́sọ̀ pé ilẹ̀ ti sún mọ́, kó parí rẹ̀ bí ẹ bá balẹ̀ tán, kí o sì bá a nu omi kúrò nílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà yọ̀.

Ìròyìn tí o máa fún kápítéènì

Ẹni tó wà lẹ́yìn á sọ fún ọ̀gá kábíìnì pé ẹ̀yìn ti ṣetán, òun náà á wá sọ fún kápítéènì: "Cabin secure," tàbí ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ yín bá yàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni awakọ̀ ń retí kó tó gbé bàálù balẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń bá àwọn ọmọ mi le. Bí èèyàn kan bá ṣì wà ní ilé ìyàgbẹ́, kò tíì ṣetán. Bí tírọ́lì kan kò bá há, kò tíì ṣetán. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Kò tíì ṣetán, ẹnìkan wà ní ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìn, ìṣẹ́jú kan." Awakọ̀ lè fa ìbalẹ̀ gùn, ó sì lè tún gbéra. Ohun tí kò lè ṣe ni kó tún ohun tí ìwọ purọ́ rẹ̀ ṣe.

Jókòó

Bí o bá gbọ́ "Cabin crew, seats for landing," fi ohun gbogbo sílẹ̀. Jókòó sórí ìjókòó òṣìṣẹ́, di bẹ́líìtì ìbàdí àti ti èjìká méjèèjì. Ẹni tó kọjú sí ẹ̀yìn á gbé orí lé ìrọ̀rí àga. Ẹni tó kọjú sí iwájú á fi àgbọ̀n kan àyà. Ẹsẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ọwọ́ á sì wà níbi tí ìwé yín bá ní kó wà.

Dákẹ́, kí o sì bi ara rẹ nínú ọkàn: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, ilẹ̀kùn wo ni tèmi? Báwo ló ṣe ń ṣí? Kí ni mo máa kọ́kọ́ pariwo? Iná ìléwọ́ ńkọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńkọ́? Ta ni nínú àwọn èrò tó wà nítòsí tó lágbára tó lè ràn mí lọ́wọ́? Ṣé omi ló wà lábẹ́ wa àbí ilẹ̀? Má ṣe bá ẹnì kejì rẹ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé.

Kí ẹ sì mọ̀ pé bàálù lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kó tún fi ariwo ńlá gbéra padà. Èrò á pariwo "Jésù!" àti "Allāhu akbar!" nígbà kan náà. Kò túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé bàálù mìíràn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà, tàbí pé awakọ̀ kò rí ilẹ̀ dáadáa. Má sáré pe àwọn awakọ̀, ọwọ́ wọn dí ju ti ìgbàkígbà lọ. Dúró sórí ìjókòó rẹ, má jẹ́ kí ìbẹ̀rù hàn lójú rẹ. Wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ráyè.

Bí ó bá di pàjáwìrì

Bí kápítéènì bá ti mọ̀ ṣáájú pé ìbalẹ̀ náà á le, á pe ọ̀gá kábíìnì, á sọ nǹkan mẹ́rin fún un: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí òun fẹ́ ṣe, iye ìṣẹ́jú tó kù, àti àṣẹ àkànṣe bí ó bá wà. Tún un sọ padà. Ẹ fi aago ọwọ́ yín wéra. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ èrò bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ba: kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí orí kan ẹ̀yìn àga iwájú, kí ẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìgbà mìíràn, kò sí ìkìlọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines kan balẹ̀ ní pápá Haneda ní Tokyo, ó sì kọlu bàálù kékeré àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tó wà lójú ọ̀nà náà. Márùn-ún nínú mẹ́fà tó wà nínú bàálù kékeré náà kú. Bàálù ńlá gba iná. Ẹ̀rọ ìkéde inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ wá ń fi gbohùngbohùn ìléwọ́ àti ẹnu lásán pariwo. Nínú ilẹ̀kùn mẹ́jọ, mẹ́ta péré ni wọ́n lè lò. Èrò 367 àti òṣìṣẹ́ 12, gbogbo àwọn 379, jáde láàyè, iná sì wá jó bàálù náà tán lẹ́yìn wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé fóònù lè kú. Bí iná bá ń jó gedegbe, bí bàálù bá ti fọ́, bí omi bá ń wọlé, tí o kò sì rí kápítéènì bá sọ̀rọ̀, ìwé ìlànà fún ọ ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò jáde. Kọ́kọ́ yọjú wo ìta ní fèrèsé ìlẹ̀kùn. Bí iná bá wà níbẹ̀, má ṣí i, dí i, kí o sì darí èrò sí ìlẹ̀kùn mìíràn. Bí ìta bá dára, ṣí i, dúró kí rọ́bà ìyọ̀sílẹ̀, èyí tí èrò máa yọ̀ lórí rẹ̀ dé ilẹ̀, wú tán, kí o tó pariwo.

Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé yín bá kọ ni kí o fi pariwo: kí wọ́n tú bẹ́líìtì, kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá wá rí ìyá àgbà kan tó ń wo ẹnu rẹ láìmọ ohun tí ò ń wí, fi Yorùbá gbá a: "Ẹ fi ẹrù sílẹ̀! Ẹ máa bọ̀ níbí! Ẹ fò!" Níbí, kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ kú ìrìn. Ohùn pẹ̀lẹ́ tí o lò fún ọ̀já lẹ́ẹ̀kan ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kí bàálù ńlá tó gba àṣẹ láti gbé èrò, ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo èèyàn lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90 pẹ̀lú ìdajì ìlẹ̀kùn. Nínú ìdánwò yẹn, kò sí ẹni tó ń wá àpò lẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lókè.

Ohùn yìí kì í wá lójijì. To àga ní ìlà sí pálọ̀ yín, kí àwọn àbúrò rẹ jókòó sí i, kí o máa pariwo títí aládùúgbò á fi yọjú. Bí ó bá tì ọ́ lójú níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́, á tì ọ́ lójú níwájú iná.

Lẹ́yìn tí táyà bá ti kan ilẹ̀

Ìbalẹ̀ kò tíì parí. Àwọn kan á ti dìde, wọ́n á ti máa fa àpò kúrò lókè nígbà tí bàálù ṣì ń rìn. Gbé gbohùngbohùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, a ò tíì dúró." Má dìde lọ bá wọn, torí bí awakọ̀ bá tẹ birẹ́ẹ̀kì, ìwọ ló máa kọ́kọ́ ṣubú.

Bí ó bá ti dúró, wọ́n á ní kí ẹ yọ ìlẹ̀kùn kúrò ní ipò pàjáwìrì. Ṣe tìrẹ, fi ojú wo àmì rẹ̀, kí o sọdá lọ wo ti ẹnì kejì rẹ, kí òun náà wo tìrẹ. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé máa tú rọ́bà ìyọ̀sílẹ̀ sórí ẹni tó ń ti àtẹ̀gùn bọ̀ nísàlẹ̀, rọ́bà náà sì lágbára tó láti pa èèyàn lára. Owó tí ilé iṣẹ́ máa ná láti dá a padà sípò rẹ̀ kò kéré, bàálù náà sì lè má gbéra lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí èrò bá ń sọ̀kalẹ̀, kí wọn, kí o máa wo ẹsẹ̀ àwọn àgbà lórí àtẹ̀gùn. Bí gbogbo wọn bá ti lọ, rin kábíìnì lẹ́ẹ̀kan sí i, wo abẹ́ ìjókòó, wo ilé ìyàgbẹ́. Ohunkóhun tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹ ṣe ń balẹ̀, bẹ́líìtì tó ń yọ̀, àpótí òkè tí kì í há, iná tí kò tàn, kọ ọ́ sínú ìwé kábíìnì pẹ̀lú nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀, kí o sì fi han kápítéènì kó tó kúrò. Àwọn tó máa gbé bàálù náà padà sí Èkó lè ti máa bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọn kò sì mọ̀ pé àpótí òkè ìlà kẹsàn-án kì í há.